Ọjọ́ Ajé: Afárá Ẹlẹ́sẹ̀ Èbúté Bainbridge

Pákó ni wọ́n fi ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí à ń gbà wọ ọkọ̀ ojú omi ní erékùṣù Bainbridge tẹ́lẹ̀. Ó ti gbó. Ní 2023 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, fi òmíràn, onírin àti kọnkéré, rọ́pò rẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo mú màmá mi gbà lónìí, à ń lọ sí Seattle.

Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, nítorí náà ẹ̀sọ̀ la fi rìn. Wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń fi bàtà tẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò. "Kò mì rárá." Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Èyí àtijọ́ wá ńkọ́? Ṣé ó já ni?"

"Rárá o, mà. Wọn ò fẹ́ kó já ni."

Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ilẹ̀ ibí yìí máa ń mì. Ó mì tìtì lágbègbè Seattle ní 2001, ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 6.8. Ní gúúsù erékùṣù yìí gan-an, ní Restoration Point, ilẹ̀ mímì kan ti gbé etíkun sókè tó mítà 7, ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn. Ta ló fẹ́ wà lórí pákó gbígbó nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìparí afárá, níbi tó ti kan ọkọ̀, ni mo ti ní kí wọ́n rọra jù. Omi ibẹ̀ ń kún, ó ń fà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa ń ju mítà 3 lọ lóòjọ́. Apá yẹn ní láti máa bá omi lọ sókè sódò, nítorí náà bó ṣe dagun láàárọ̀ kọ́ ló ṣe ń dagun lálẹ́.

Ọkọ̀ ni gbogbo ayé ń yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí lè bọ́ kéèyàn tó wọ̀ ọ́. Ní oṣù Karùn-ún 1912, ní Colman Dock tí a ń sọ̀ sí ní Seattle, pákó tí èrò ń gbà wọ ọkọ̀ Flyer já. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ré sómi, àwọn kan sì kú.

Lásìkò tí wọ́n ń pààrọ̀ afárá Bainbridge yìí, ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ọjọ́ mélòó kan wà tí wọn ò gbé mọ́tò kankan ní Bainbridge. Ìnira ńlá ni fáwọn onímọ́tò, mo mọ̀. Àmọ́ nọ́ọ̀sì, alásè, ọmọ iléèwé, àti àgbàlagbà bíi màmá mi ń fẹsẹ̀ gba ibẹ̀. Inú mi dùn pé lẹ́ẹ̀kan yìí, mọ́tò ló dúró de ẹlẹ́sẹ̀.