Fẹ́lóṣíìpù fún dókítà ọpọlọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lóko

Résídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, nínú ìtọ́jú ọpọlọ ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, yálà ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní Wesley Guild n'Íléṣà, tó bá ń wá fẹ́lóṣíìpù (ìrànlọ́wọ́ owó tàbí ẹ̀kọ́) fún iṣẹ́ láàárín àwọn tí dókítà kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, ti Amẹ́ríkà ni yóò kọ́kọ́ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Á fi oorun du ara rẹ̀, á kọ àròkọ tó dùn, wọ́n á sì dá a lóhùn ní ìlà kan péré pé kò kúnjú òṣùwọ̀n. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Ibi tí wọ́n kọ ẹni tó lè gbà á sí ni kò kà.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Minority Fellowship, tó wà lọ́wọ́ American Psychiatric Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà, àwọn ọdún 1970 ló bẹ̀rẹ̀. Owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ SAMHSA, àjọ wọn tó ń rí sí ìlera ọpọlọ, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ti ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ní green card. Ẹni tó ń ṣe residency lọ́hùn-ún lórí J-1, físà àwọn àjèjì tó lọ kọ́ṣẹ́, pàápàá kò sí nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ní àwọn mìíràn, tí wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn sọrí Jeanne Spurlock, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ dókítà ọpọlọ, tó sì ṣiṣẹ́ pẹ́ fún ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá gba ìyẹn, Washington ló ń lọ, ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Gbogbo èyí, ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lọ́hùn-ún ni wọ́n ṣe é fún.

Bí ẹ bá ní àbúrò tó ti wà lórí J-1, ẹ bá a sọ̀rọ̀ Conrad 30, ètò ìyọ̀ǹda kan ní Amẹ́ríkà. Físà yẹn ní kó padà wálé fún ọdún 2 lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àfi tó bá gba ìyọ̀ǹda. Nínú ètò yìí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ní àyè 30 lọ́dún fún dókítà tó bá gbà láti fi ọdún 3 ṣiṣẹ́ ní àdúgbò tí dókítà kò tó, gbogbo ẹ̀ka ìṣègùn ló sì jọ ń du àyè náà. Ní ti ọpọlọ, àdúgbò tí dókítà ọpọlọ kan bá ń dá gbé ẹrù èèyàn 30,000 ni wọ́n kà sí ibi tí kò tó. Níbi tí ìṣòro bá ti pọ̀ jù, 20,000. Ẹ gbé Àtàkúnmọ́sà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa níbí, sórí òṣùwọ̀n yẹn kí ẹ wò ó.

Ẹni tó wà nílé ń kọ́? Royal College of Psychiatrists ní Ìlú Ọba ní ètò MTI, tó ń gba dókítà ilẹ̀ òkèèrè wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún 2 ni kò gbọ́dọ̀ kọjá, ẹ ó sì padà wálé. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, láti 2010 ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 2 tí wọ́n ń pè ní mhLAP ti bẹ̀rẹ̀, fún àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, lórí bí a ṣe ń darí iṣẹ́ ìlera ọpọlọ àti bí a ṣe ń gbẹnu sọ fún un. World Psychiatric Association náà máa ń ran àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lọ́wọ́ láti lọ sí ìpàdé àgbáyé. Ẹ̀kọ́ tàbí ìrìn-àjò ni gbogbo ìwọ̀nyí. Èyí tó ń fúnni lówó láti ṣe iṣẹ́ gan-an, ìwé ìdáwọ́lé (proposal) ni wọ́n fi ń gbà á, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí jù.

Ìwé tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé dókítà ọpọlọ kò tó nílẹ̀ yìí, pé àwọn èèyàn gbà pé ayé ló ń fa wèrè, kò lọ jìnnà. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ti kà á títí tó fi há a sórí. Ẹ dárúkọ àwọn tí ẹ ń wí. Ní Ìjẹ̀ṣà, wọ́n lè jẹ́ àwọn Hausa tó ń wa wúrà ní agbègbè Ìtagunmodì. Ní Ifẹ̀ Gúúsù, wọ́n lè jẹ́ alágbàṣe láti ìlú mìíràn tó ń gbé abúlé inú oko kòkó, tí Yorùbá ẹnu wọn kò ju ti ọjà lọ. Kí ẹ sì sọ ohun tó sé wọn mọ́. Bí àpẹẹrẹ, bí ẹ bá nílò ògbufọ̀, ẹ má fi ọ̀gá tó ń san owó iṣẹ́ fún aláìsàn ṣe é. Ta ni yóò jẹ́wọ́ níwájú ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń lo tramadol? Níbi tí wọ́n bá sì ti ń fi mẹ́kúrì kó wúrà jọ, ẹ rántí pé mẹ́kúrì lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ìwà sì yí padà. Gbólóhùn méjì bẹ́ẹ̀ yóò fi hàn pé ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dín iṣẹ́ náà kù. Ilé ìlera alábọ́dé 4, CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò) 2 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àìsàn 2 péré: wèrè àti wárápá. Ìwé ìtọ́sọ́nà mhGAP tí àjọ WHO ṣe ni kí ẹ fi kọ́ wọn fún ọjọ́ 5, kí ẹ máa lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ọdún kan. Kí ló dé tó fi jẹ́ CHEW 2? Nítorí pé wọ́n ń ṣí wọn nípò. Bí ẹ bá kọ́ ẹyọ kan, tí káńsù sì gbé e lọ síbòmíràn, iṣẹ́ yín bá a lọ nìyẹn. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ alákòóso ìlera káńsù pé wọn kò ní gbé àwọn méjèèjì kúrò pọ̀ láàárín ọdún náà.

Oògùn ló ń ba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́. Owó tán, oògùn tán, aláìsàn wárápá tó ti ń lo phenobarbital bọ̀ já a lójijì, gìrì wá mú un tí kò fẹ́ dá. Ìyẹn lè pa á. Ẹ̀yin lẹ fà á, kì í ṣe àìsàn. Nítorí náà, ìwé yín gbọ́dọ̀ sọ bí oògùn yóò ṣe máa wà lẹ́yìn oṣù kejìlá: kí ilé ìlera máa tà á ní iye tí wọ́n rà á pẹ̀lú èlé díẹ̀, kí owó náà wà lọ́tọ̀, kí wọ́n sì tún máa fi ra òmíràn.

Fún wèrè, abẹ́rẹ́ Modecate rọrùn lóko ju oògùn ojoojúmọ́ lọ, nítorí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ni wọ́n ń gún un sí ara wọn. Ẹ fi 12.5 mg bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó lọ sí 25 mg. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọrùn lè lọ́, ojú lè yí sókè, ahọ́n lè yọ síta. Ìyá ọmọ á ní abẹ́rẹ́ yẹn ti ba ti ọmọ òun jẹ́, wọ́n á gbé e padà sọ́dọ̀ oníṣègùn tàbí sí ilé àdúrà, ẹ ò sì ní rí wọn mọ́. Benzhexol, oògùn tó ń tú iṣan tó lọ́ bẹ́ẹ̀, gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí CHEW, kí ó sì ti sọ fún ẹbí ṣáájú pé bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀, ì báà jẹ́ lóru.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ilé àdúrà tàbí oníṣègùn tó ń de aláìsàn mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ má ṣèlérí pé ẹ ó já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní January 2023, tó gba ipò òfin 1958, ni kí ẹ gbé ètò yín kà.

Lẹ́tà ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tí wọ́n ń yọ̀ǹda yín fún iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀. Lẹ́tà tó yìn yín bí ọmọ àmúyangàn tí kò sì sọ ìyẹn, asán ni. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6, pẹ̀lú ojú ìwé kan tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kí ó má baà kọ nǹkan gbogboogbò. Ẹ wo ọjọ́ ìdánwò residency yín, Part I tàbí Part II, kí ẹ tó mú oṣù. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò yóò ní kí ẹ mú ìbéèrè tí ẹ ó bi aláìsàn wá ní Yorùbá, àti bí ẹ ṣe túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ti ṣe é sílẹ̀.

Ní ti owó, ẹ kọ ọ́ ní dọ́là àti náírà, kí ẹ fi ọjọ́ tí ẹ wo iye dọ́là síbẹ̀. Ọlọ́kadà kì í fúnni ní rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fúnni lówó kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ tẹ ìwé kékeré tí ọjọ́, ibi tí ẹ ti gbéra, ibi tí ẹ lọ àti iye wà nínú rẹ̀, kí ọlọ́kadà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó tó gba owó rẹ̀.