Àpò oúnjẹ mi ní Manchester àti n'Íkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀pọ̀ yín ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mi ò jẹun mọ́. Mò ń jẹ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ìfun mi ló lọ́ mọ́ra lọ́jọ́sí, wọ́n gé èyí tó pọ̀ dànù, èyí tó kù ò lè fa oúnjẹ sára tó, torí ẹ̀ ni oúnjẹ mi ṣe ń gba iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé láti aago mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́jọ àárọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Ó funfun bíi mílíìkì. Ṣúgà, ọ̀rá, purotéènì àti fítámì ló wà níbẹ̀, rọ́bà tó ń gbé e wọlé wà láyà mi, orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọkàn.

Ní Manchester, ìjọba ló ń sanwó ẹ̀. Mọ́tò ń gbé àpò wá sílé, fìríìjì ẹ̀ gan-an àwọn ló gbé e wá, torí òtútù ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàrin dígírì 2 sí 8. Mò ń ṣiṣẹ́, mò ń mú ọmọ lọ síléèwé. Òru ló le: ìtọ̀ ò jẹ́ n sùn, màá fa pọ́ǹpù tó ń ti oúnjẹ wọlé dání lọ ilé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sẹ́ni tó máa ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Mo wá sílé ní Disẹ́ńbà, mo kó àpò méje sínú kúlà. Alẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n mú iná lọ ní Agric, epo ti tán nínú jẹ̀n. Màámi gbé àga sẹ́nu fìríìjì, wọ́n ní, "Ẹni tó bá ṣí i, èmi àti ẹ̀ ni o!" Wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì wo temọmítà ẹ̀, 5, 6, ó ti di 7 kí bọ̀dá mi tó gbé epo dé láti Sábó.

Nǹkan tó bà mí lẹ́rù jù ni ìgbọ̀nrìrì. N'Íkòròdú, bí ara bá ń gbọ̀n, ibà ni, wọ́n á fún ẹ lóògùn ibà. Tèmi lè jẹ́ kòkòrò tó gba rọ́bà wọnú ẹ̀jẹ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pálọ̀ fún wọn.

Ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣe n'Íkòròdú ńkọ́, tí ò ní ìjọba kankan tó ń gbé àpò wá sílé fún un? Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí gan-an.

Nọ́ọ̀sì mi ní irú àpò kan wà tí ò nílò fìríìjì, òun á bá mi bi dókítà bóyá ó lè bá mi lára mu, kí n tó tún wálé lọ́dún Iléyá.