Ìran Kejì Tí Kò Tíì Jáde

Ẹgbẹ́ eléré tí mo fún ní eré-onítàn mi ti dá a padà. Wọn kò kọ̀ ọ́ pátápátá. Ohun tí olùdarí wọn kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ni pé ìran kìíní dùn, pé ìran kẹta wọ òun lọ́kàn, ṣùgbọ́n pé nínú ìran kejì, ìwé ìtàn ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ènìyàn. Inú bí mi díẹ̀ (ta ni inú kò ní bí?), ni mo bá kó àwọn aṣọ tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, mo fọ̀ wọ́n. Bí mo ṣe sá wọn tán ni òjò ṣú.

Eré náà dá lórí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta àti owó orí. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ san án, nígbà tí ti ọmọkùnrin ń dúró di ọdún 16. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin tó kàwé àti àwọn ọlọ́jà pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, nígbà tó sì di ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sùn mọ́jú níwájú ààfin Aké. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, kò sì padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 1950.

Kíkọ èyí kò le. Òru náà fúnra rẹ̀ ló le. Àkọsílẹ̀ sọ ohun tí àwọn obìnrin náà béèrè, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó pọn ọmọ wá, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti lérí sí kó tó jáde nílé, tàbí ẹni tó fẹ́ máa lọ ṣùgbọ́n tí ojú ń tì. Ọ̀rọ̀ aṣáájú wọn ló pọ̀ nínú ìwé, òun náà ló sì gba ìran kejì kan.

Olùdarí tún ní kí n jẹ́ kí Aláké burú sí i. Ìyẹn ni n kò ní gbà. Ọba tí ìjọba amúnisìn ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn obìnrin sì ń kọrin èébú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ti wà nínú wàhálà tó tó eré ṣe. Bí mo bá sọ ọ́ di ìkà lásán, òǹwòran kò ní rí nǹkan kan rò délé.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ kí màmá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rántí ọdún náà. Wọ́n ní àwọn kéré púpọ̀, pé ilé aládùúgbò ni wọ́n gbé àwọn sùn sí, àti pé nígbà tí ìyá àwọn, tó ń ṣe àdìrẹ, fi máa dé, aró inú ìkòkò ti bàjẹ́. "Ó bú gbogbo wa," ni màmá wí, wọ́n rẹ́rìn-ín, "àfi bí ẹni pé àwa la ní kí wọ́n gba owó orí."

Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ni, tó wá di ti wọn. Mo mú un bẹ́ẹ̀. Ewé ẹ̀lú àti omi eérú gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó lè pa aṣọ láró, nítorí náà, ẹni tó fi ìkòkò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Aké mọ ohun tí òun fi sílẹ̀.

Iná ti lọ láti àárọ̀, bírò ni mo fi kọ ojú ìwé tuntun. Ìran kejì ti kúrò ní iwájú ààfin. Ilé aládùúgbò ló ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, láàárín àwọn ọmọ tí kò fẹ́ sùn, orin nìkan la ó sì máa gbọ́ láti òkèèrè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo fẹ́ lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, kí n bi àwọn aláró bóyá òru kan ṣoṣo lè ba aró jẹ́. Bí wọ́n bá ní kò lè ṣe é, á jẹ́ pé ìyá náà pẹ́ níta ju òru kan lọ, èmi náà á sì tún ìran náà tò.