Ẹ ka ìlà kóòdù yín sókè: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí J

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń ká mi lára bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ J, APL tàbí BQN, àwọn èdè kọ̀ǹpútà tó ń fi àmì kúkúrú ṣiṣẹ́ lórí ọ̀wọ́ nọ́ńbà, ní Àkúrẹ́ níbí, tí ẹ ò rí ẹnì kan ládùúgbò tí ẹ lè fi kóòdù yín hàn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti mọ bó ṣe ń rí. Kíláàsì tí ẹ bá wọ̀, Python ni, èdè kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ń lò. Fídíò tí ẹ bá ṣí, Python ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nídìí àwọn àmì bíi +/ àti #.

Ìwé kòkó ni mò ń tọ́jú fún ọ̀gá mi lọ́nà Ọ̀dà. Tí kòkó bá ti ń wọlé láti Ìdànrè àti Ilé-Olújì, ìwọ̀n àpò ló máa ń kún ojú ìwé mi láàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀wọ́ nọ́ńbà ni iṣẹ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn èdè tó ń mú odindi ọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. APL ní àwọn àmì tirẹ̀ tí kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù wa. Àmì tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù lásán ni J ń lò, òun ni mo ṣe mú un. Mo wá forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan lápá Alágbàká, kí n lè máa rí àwọn tó ń kọ kóòdù bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ní kí kálukú mú nọ́ńbà wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó sì wá ìpíndọ́gba wọn lójú pátákó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ́kọ́ jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó fi lúùpù mú nọ́ńbà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rò wọ́n pọ̀, ó wá fi iye wọn pín in níkẹyìn. Ó tọ̀nà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kàn mí. Mo kọ ìwọ̀n àpò kòkó mẹ́rin:

(+/ % #) 61 64 58 63

Olùkọ́ wò ó, ó yíjú sí kíláàsì, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń dán mákà wò ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá sà, ìpíndọ́gba ni. 61.5 ló máa gbé jáde."

Ó ní, "Ta ló fẹ́ ka eléyìí? Èyí kì í ṣe kóòdù." Ló bá mú dọ́sítà, ó nù ún. Kò kà á. Kò tẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. Kò tilẹ̀ fi ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù rẹ̀ wò ó bóyá 61.5 ni lóòótọ́. Mo dúró níbẹ̀, mákà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ti ń pe ẹlòmíràn. Ẹ̀rín wọn dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù lọ ni pé ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi, kò sì jáde. Ojú mi mọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò sọ ọ́ rí. Mo jókòó, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi túká. Orí ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ sílé ni àlàyé náà ti wá to ara rẹ̀ lọ́kàn mi, lẹ́sẹẹsẹ, nígbà tí kò sẹ́ni tí mo máa sọ ọ́ fún.

Mo ti bọ́ nínú ìyẹn. Ọ̀gá mi béèrè iye àpò tí kò pé ìwọ̀n, ìlà J kan ni mo fi dá a lóhùn, wọ́n gbé àwọn àpò náà sórí òṣùwọ̀n, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù: ẹ máa ka ìlà yín sókè, ní Yorùbá, láti ọwọ́ ọ̀tún. J kò mọ BODMAS. 2*3+4 kì í ṣe 10 níbẹ̀, 14 ni, torí pé ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ro mẹ́ta mọ́ mẹ́rin, kó o wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tí w bá jẹ́ àpò mẹ́rin yẹn, báyìí ni mo ṣe ń ka +/ w < 60: béèrè lọ́wọ́ àpò kọ̀ọ̀kan bóyá ó kéré sí 60, èyí tó bá kéré á di 1, èyí tí kò kéré á di 0, wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. 0 0 1 0 la máa rí, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1. Àpò kan ni kò pé. Èyí tí wọ́n nù yẹn, (+/ % #), ní ìlànà tirẹ̀: +/ tó wà lósì àti # tó wà lọ́tùn-ún á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí nọ́ńbà kan náà, ọ̀kan á mú àròpọ̀ wá, èkejì á mú iye wọn wá, % tó wà láàárín á wá fi èkejì pín àkọ́kọ́. Ẹ rí i bó ṣe kúrú tó lẹ́nu. Ìyẹn ni mi ò rí sọ.

Èkejì, ẹ máa fi $ béèrè bí àtẹ yín ṣe rí. Tí t bá jẹ́ orúkọ àtẹ kan, tí $ t sì mú 3 4 wá, ẹ sọ ọ́ jáde pé ìlà ìbú mẹ́ta ni, nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà lẹ máa mọ̀ pé +/ t, tó ń ro àwọn ìlà ìbú mọ́ ara wọn, á mú èsì mẹ́rin wá, +/"1 t, tó ń ro ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, á mú mẹ́ta wá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kíkà sókè ni mo tún ń sọ. Bó ṣe rí nìyẹn. length error gan-an, èyí tí J máa ń sọ tí gígùn ọ̀wọ́ nọ́ńbà méjì kò bá dọ́gba, bíi ká ní kó ro 1 2 3 mọ́ 4 5, etí ló máa ń gbọ́ ọ kí ojú tó rí i.

Mi ò bá Python jà o. NumPy tí àwọn oní-Python ń lò, odindi ọ̀wọ́ nọ́ńbà lòun náà ń mú lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé èyí kì í ṣe kóòdù. Kenneth Iverson, ọmọ Kánádà, ló ṣe àwọn àmì tí APL ti jáde nígbà tó ń kọ́ni ní yunifásítì Harvard, kí kọ̀ǹpútà kankan tó mọ̀ wọ́n. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1962, wọ́n fún un ní Turing, àmì-ẹ̀yẹ ńlá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1979, òun àti Roger Hui sì gbé J jáde ní 1990. Ìkọ́ni ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ojú pátákó yẹ wọ́n.

Ọ̀fẹ́ ni J. Ẹni tó bá fẹ́ fi APL dánra wò, TryAPL ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba owó. Ẹ wá ẹnì kan tí kò mọ kóòdù rárá, kí ẹ máa kà á sí i létí. Bàbá tó ń wọn kòkó lọ́dọ̀ wa ni èmi ń kà á fún. Nígbà tí mo ka ìlà àpò tí kò pé yẹn tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí tó bá jẹ́ 60 géérégé ńkọ́? Ọ̀gá ò ní gba ìyẹn náà o." Mo wá fi àmì tó ń ka 60 pàápàá mọ́ àwọn tó kéré kọ ọ́ báyìí: +/ w <: 60.