Asáíńmẹ́ǹtì Tárọ̀ Lórí Tábìlì Ìgéṣọ: Mo Ti Dé Ìkẹjọ

Méje ti lọ nínú mẹ́wàá. Ìkẹjọ ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo sì fẹ́ kọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ sílẹ̀ kó tó di pé mo gbàgbé.

Aránṣọ ni mí l'Ọ̀fà, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Owódé. Mo forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ́ọ̀sì káàdì tárọ̀, ìyẹn káàdì alàwòrán tí àwọn kan máa ń tẹ́ kalẹ̀ láti fi wo ọ̀ràn ẹni. Asáíńmẹ́ǹtì mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 500. Alaalẹ́, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ, ni mò ń kọ ọ́ lórí tábìlì tí mo fi ń géṣọ.

Ìtàn ni àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé Íjíbítì ni tárọ̀ ti wá. Ará Faransé kan, Court de Gébelin, ló tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ lọ́dún 1781, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 1822 ni Champollion, ọ̀mọ̀wé ará Faransé mìíràn, ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àṣírí ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Kò sẹ́ni tó lè kà á nígbà tí Gébelin ń sọ tirẹ̀. Àríwá Ítálì ni káàdì náà ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọdún 1400 sí 1500, wọ́n sì ń fi ṣeré bí àwa náà ṣe ń ta Whot. Èyí kò fún mi ní wàhálà.

Ìkejì ló fún mi ní wàhálà. Káàdì Fool (Òmùgọ̀) ni, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òdo. Olùkọ́ dá a padà. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé pélébé inú páálí káàdì ni mo tún kọ wá. Kí ni èmi fúnra mi rí? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn, torí òru ni mo fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. N kò tíì wo àwòrán náà rárá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo há sórí.

Ìkẹta sọnù. Inú fóònù ni mo kọ ọ́ sí tààrà, kò síná, bátìrì kú kí n tó fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà, bírò àti ìwé ni mo fi ń kọ́kọ́ kọ ọ́.

Nígbà tí mò ń tún un kọ ni mo wádìí ẹni tó ya àwòrán wọ̀nyí. Pamela Colman Smith ni orúkọ rẹ̀. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1878, ó gbé Jàmáíkà ní kékeré, ó sì máa ń pa àlọ́ Ànáńsí, aláǹtakùn tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ìjàpá wa, fáwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó bá ẹgbẹ́ òṣèré rìn, ó mọ aṣọ ìtàgé dunjú. Òǹkọ̀wé kan, A. E. Waite, ló gbéṣẹ́ káàdì fún un, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1909: 78 lápapọ̀, 22 tí wọ́n ń pè ní ńlá, àti kékeré 56 tí wọ́n pín sí ilé mẹ́rin, Ọ̀pá, Ife, Idà àti Owó. Nínú ọ̀pọ̀ káàdì tó ti wà ṣáájú, ife márùn-ún lásán tàbí idà méje lásán lẹ máa rí lára àwọn kékeré. Òun ló ya ènìyàn sí i, tí wọ́n ń ṣe nǹkan, tí wọ́n sì wọṣọ. Bí mo ṣe gbọ́ pé ó mọ aṣọ báyìí, ara mi balẹ̀. Mo mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.

Ìkẹrin ni Owó Mẹ́sàn-án. Obìnrin kan dúró nínú ọgbà àjàrà, ẹyẹ tí wọ́n dé ìbòjú fún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò: ó gbọ̀ọ̀rọ̀, ó ń wọ́lẹ̀, òdòdó kún ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ rán an, n kò ní gba yáàdì tó dín ní mẹ́fà. Kò sẹ́ni tí í wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ro oko. Obìnrin yìí ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó múra jáde. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi tó ń tẹ bọ́tìnnì ti yọjú wò ó látẹ̀yìn mi.

"Màdáàmù, ẹ wo ìgbín nísàlẹ̀ níbí."

N kò rí i tẹ́lẹ̀. Ó wà lóòótọ́, nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rá lọ tilétilé. Ìgbín yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ asáíńmẹ́ǹtì náà, olùkọ́ sì ní òun ti ń retí irú èyí lọ́wọ́ mi.

Ìkarùn-ún ni Strength (Agbára), òun ni mo fẹ́ràn jù. Obìnrin aláṣọ funfun, ẹ̀gbà òdòdó lórí àti nídìí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di kìnnìún lẹ́nu. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹni tí a bá bí síbí kò ní ṣàì wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà kò le. Ejìká rẹ̀ kò ga. Bàbá mi àgbà máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá ti ń mí hẹlẹ kí wọ́n tó dìmú ti ṣubú ná. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì ṣàlàyé fún olùkọ́ ohun tí à ń pè ní ìjàkadì. Ọ̀rọ̀ 500 tí wọ́n ní ká kọ di 900, n kò sì rí èyí tí mo lè yọ.

Ìkẹfà dá lórí ilé mẹ́rin náà. Alẹ́ kan ṣoṣo ni mo fi parí rẹ̀.

Fún ìkeje, a ní láti tẹ́ káàdì mẹ́ta fún ènìyàn, kí á sì kọ bó ṣe lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan wá láti Àjàsẹ́-Ìpo. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá bí Ààfáà ṣe ń tẹyanrìn ni. Mo ní rárá, kì í sì í ṣe Ifá. Odù 256 ni Ifá ní, ẹsẹ rẹ̀ kò lóǹkà, àwọn tó kọ́ ọ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Àwòrán ni tèmi, èmi àtìwọ la sì jọ máa wò ó. Ife Márùn-ún jáde sáàárín: ẹnì kan tó fi aṣọ dúdú bora, ife mẹ́ta ti dà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Mo ní kó sọ ohun tó rí. Ó sọ̀rọ̀ owó àjọ rẹ̀ tó bá ẹni tó ń gbà á lọ, ó sọ̀rọ̀ títí ojú rẹ̀ fi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, ó tẹjú mọ́ káàdì náà, ó ní: "Méjì ṣì wà lórí ìdúró lẹ́yìn rẹ̀." Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, lẹ́yìn tí mo ti gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ìkẹjọ rèé. Celtic Cross ni, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà tẹ́ káàdì, káàdì mẹ́wàá. Mo ti tẹ́ wọn sórí tábìlì láàárín sísọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀kì, mo sì ti kọ márùn-ún. Káàdì ìkẹfà ni Owó Mẹ́jọ: oníṣẹ́ ọwọ́ kan jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ́pírọ́ọ̀nù dúdú wà lára rẹ̀, ó ń gbẹ́ owó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti gbé àwọn tó parí kọ́ sára òpó. Mo ti wo ẹ́pírọ́ọ̀nù yẹn fún bí ogún ìṣẹ́jú. Lọ́la ni màá kọ ọ́, tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi bá ti bá mi wò ó.