Aláárì Màmá Di Eérú

Nígbà tí a lọ kí àwọn òbí ìyàwó mi ní Kàbbà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń fi fóònù ya fọ́tò dúdú-òun-funfun, kó àwòrán méjìlá wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò wọ́n, kí ẹ sì sọ òótọ́.” Èmi tí mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò láyé kámẹ́rà onífíìmù, nígbà tí a ṣì ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn lábẹ́ gílóòbù pupa, ta ni yóò ní kí n dákẹ́?

Mo ní ìlànà tèmi. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọdé gbọ́ àlèébù iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí ibi tí ó dára, yóò sì sọ ọ́ ní pàtó, nítorí “ó dára” lásán kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ibi tí ó kù sí àti bí a ṣe lè tún un ṣe.

Mẹ́ta àkọ́kọ́, tí í ṣe ti òkè Obangogo, kò mú wàhálà lọ́wọ́. Ìkẹrin ni obìnrin kan tí ó jókòó níwájú igi máńgòrò. Awò ojú mi wà nínú báàgì. Ìyá ìyàwó mi sì wà lẹ́yìn wa, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí.

Mo ní, “Ibi tí ó dára rèé: ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, gbogbo ìhunjọ ojú ìyá arúgbó yìí sì hàn kedere, ènìyàn lè kà wọ́n.”

Ìró ẹ̀gúsí dúró. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo ní kí ó lọ mu omi.

“Ṣùgbọ́n aṣọ wọn kò ràn ọ́ lọ́wọ́ rárá. Ó rí bí eérú, ó sì wọnú ewé lọ débi pé n kò mọ ibi tí ìyá parí sí àti ibi tí igi ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá tún padà lọ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá aṣọ tí ó dára díẹ̀ wọ̀.”

“Ọkọ ọmọ mi,” ni ohùn kan wí lẹ́yìn mi, “aláárì ni. Òun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín.”

Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀, èèpo ẹ̀gúsí sì ti lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ń ṣàlàyé pé fọ́tò dúdú-òun-funfun kò mọ àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Pé bí aṣọ pupa àti ewé tútù bá ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, eérú kan náà ni wọn yóò dà. Pé láyé ijọ́un, gíláàsì pupa ni à bá fi bo ojú kámẹ́rà, kí pupa lè mọ́lẹ̀, kí ewé sì ṣú. Àti pé fíìmù àtijọ́ kan tilẹ̀ wà tí kì í rí pupa rárá, tí ì bá sọ aláárì di dúdú kirikiri. Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀. “Ọ̀kun o”, ìkíni wọn ní Kàbbà, nìkan ni Màmá fi dá mi lóhùn, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé.

Ọmọkùnrin náà ṣàánú mi. Ó mú fóònù rẹ̀, ó fi ìka fa ìlà pupa sókè nínú àwòrán náà, aláárì sì tàn yòò, ewé ṣú lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé mo ti bọ́.

Màmá wò ó títí, wọ́n wá ní kí ó ya èmi náà bí mo ṣe wà, pẹ̀lú agbádá funfun mi, níwájú ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà funfun. Nígbà tí ó yà á tán, wọ́n gba fóònù, wọ́n nà án jìnnà sí ojú.

“Ibi tí ó dára rèé,” ni wọ́n wí, “orí ọkọ ọmọ mi hàn kedere, ọwọ́ wọn méjèèjì náà hàn. Ìyókù wọn ni n kò rí. Bí ẹ bá tún ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá aṣọ tí ó dára díẹ̀ wọ̀.”