Ohun tí Tẹ́ẹ̀pù Aránṣọ Rí tí Òṣùwọ̀n Kò Rí

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún bíi tèmi, tí ẹ ń gun òṣùwọ̀n lóṣooṣù tí ọkàn yín sì ń balẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí, nípa ìbàdí àti kíndìnrín. Kílò 80 ni mo wọ̀n, mo sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 176. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣírò méjèèjì pọ̀, iye tó jáde lé díẹ̀ ní 25 tí wọ́n fi ń pààlà láàárín ìwọ̀n tó dára àti sísanra jù, n kò sì kà á sí. Aránṣọ mi ló mọ òtítọ́, nítorí pé láàárín ọdún mẹ́fà, ìbàdí ṣòkòtò mi ti kúrò ní ínǹṣì 34 bọ́ sí 41, àwa méjèèjì a sì máa rẹ́rìn-ín pé owó ti ń wọlé.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá dókítà lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi jáde. Iye tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ kíndìnrín mi jẹ́ 51, bẹ́ẹ̀ 90 sókè ló dára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka orúkọ orí ìwé náà, bóyá ti ẹlòmíràn ni. Ẹsẹ̀ mi kò wú, ibì kankan kò dùn mí. Owó tí aládùúgbò wa kan ná sórí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ kí ó tó kú ni mo ń rò, àti ọmọ mi àbígbẹ̀yìn.

Dókítà kò béèrè kílò mi. Tẹ́ẹ̀pù ló fà yọ, ó fi wọn ìbàdí mi, ó sì bá sẹ̀ǹtímítà 104, nígbà tí ìdajì gíga mi, tí kò yẹ kí ìbàdí kọjá, jẹ́ 88. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rá tó sá pamọ́ sáàárín ìfun máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ síwájú, ó sì máa ń mú kí kíndìnrín sẹ́ ẹ̀jẹ̀ kọjá agbára rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni pé tẹ́ẹ̀pù kò lè rọ́pò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ìbá ti rán mi lọ ṣe é láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Àyẹ̀wò tí a tún ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta fìdí àrùn kíndìnrín náà múlẹ̀. Mo dín iyọ̀ àti òkèlè alẹ́ kù, mo ń rìn, mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, iye náà kò sì lọ sílẹ̀ mọ́. Aránṣọ ti gba ínǹṣì mẹ́ta wọlé lára ṣòkòtò mi. Ó rọra bi mí bóyá àlàáfíà wà nílé.